Bí ẹ ṣe lè ka àkọsílẹ̀ ìmòòkùn séálì àti pẹngúìnì lórí kọ̀ǹpútà yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Tí ẹ bá ń wo fídíò séálì tàbí pẹngúìnì, ibi tí wọ́n ti ń fò wọ omi lẹ máa ń rí, omi á pa dé, ó tán, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún yọjú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín, lábẹ́ yìnyín, nínú òkùnkùn, nínú omi oníyọ̀ tó tutù dé nǹkan bíi -1.9 dígírì, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹran náà lára ló máa ń bá a débẹ̀, nọ́ńbà ló sì máa ń kó bọ̀. Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè lo Excel lè ṣe é.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Àwọn èèyàn kàn máa ń pín èyí tó jìn jù kiri ni, "ẹ wo ẹyẹ tó lọ 564 mítà", wọn ò ní béèrè pé nígbà tó jáde ńkọ́, báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó tún lè lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ìsinmi tí ẹran yẹn sinmi lókè ló máa sọ fún yín iye tí ìsàlẹ̀ ná an, torí náà bá a ṣe ń ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ yìí, ojú yín kó máa wà lára ìsinmi yẹn, ibẹ̀ là ń lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹran tẹ́ ẹ ń bá ṣe

Ẹ má kó gbogbo wọn pọ̀ o. Pẹngúìnì ò sí ní North Pole rárá, ìhà gúúsù ayé ni wọ́n wà, séálì ló wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó mú méjì péré, séálì Weddell àti pẹngúìnì emperor, torí Antarctica ni àwọn méjèèjì ń gbé, ó sì ti pẹ́ gan-an tí àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀ lé wọn ní McMurdo Sound, lẹ́bàá Ross Island.

Séálì Weddell tó dàgbà lè wọ̀n ju 400 kìlò lọ, bíi màlúù ńlá kan. Abẹ́ yìnyín tó dì gbagidi mọ́ etíkun ló ń gbé, yìnyín yẹn lè nípọn tó mítà méjì, ihò ló sì fi ń mí. Eyín rẹ̀ ló fi ń ha ihò yẹn kó má bàa dí, á la ẹnu, á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, á máa fi eyín fá yìnyín bí ẹni ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọdún dé ọdún, títí eyín yẹn á fi jẹ́ tán. Èyí tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ́ tán, wàhálà dé bá a nìyẹn, torí ihò tó bá dí, kò sí afẹ́fẹ́. Ẹ rántí ihò yìí tẹ́ ẹ bá ń ka fáìlì, torí pé gbogbo ìmòòkùn séálì yìí, àlọ àti àbọ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà.

Pẹngúìnì emperor ní tiẹ̀, 20 sí 40 kìlò ni, bí àpò ìrẹsì tí kò kún. Òun ò lè gbẹ́ ihò, ibi tí yìnyín bá ti là tàbí etí yìnyín ló máa ń wọ̀, séálì leopard sì lè ti lúgọ síbẹ̀ dè é.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń lọ lójoojúmọ́: Weddell kì í sábà ju 20 ìṣẹ́jú lọ lábẹ́ omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti rí èyí tó lo ju wákàtí kan lọ dáadáa. Emperor, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ máa rí jù, èyí tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ jẹ́ 32.2 ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá rí fáìlì tí ẹran inú ẹ̀ kọjá 2,000 mítà, ó lè jẹ́ séálì elephant, ọ̀gá ni ìyẹn, ó lè lo tó wákàtí méjì, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá fáìlì, kẹ́ ẹ sì mọ ẹ̀rọ tó kọ ọ́

Fáìlì ọ̀fẹ́ wà. Ẹ lọ sí PANGAEA, ibi ìkówèésí tí àwọn ará Jámánì ń tọ́jú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ "Weddell seal dive" síbẹ̀, ẹ máa rí ti àwọn séálì tí àwọn onímọ̀ láti Alfred Wegener Institute ní Bremerhaven lẹ ẹ̀rọ mọ́. MEOP náà wà, ti séálì tó ń wọn bí omi ṣe gbóná tó àti bí iyọ̀ inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, àmọ́ fún ohun tá a fẹ́ ṣe yìí, èyí tó ní àkókò àti bó ṣe jìn tó nìkan ti tó.

Ẹ ka àlàyé tó wà lókè fáìlì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fò ó. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń kọ gbogbo nǹkan sínú ara rẹ̀, bóyá lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì kan tàbí sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ẹran yẹn mú padà kí wọ́n tó rí ohun tó kọ. Ìkejì ń rán an lọ sí sátẹ́láìtì Argos, ṣùgbọ́n ìgbà tí eriali ẹ̀ bá yọ sókè omi nìkan ló lè ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó lè rán ò sì gùn, torí náà ó máa ń gé ìmòòkùn kọ̀ọ̀kan kù sí ojú àmì mélòó kan, mẹ́rin péré nígbà míì. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó gún régé nínú irú ìkejì yìí, ẹ má sọ pé séálì yẹn lúwẹ̀ẹ́ tààrà o, ẹ̀rọ ló gé e bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí ní ìtàn tí mo fẹ́ràn. Gerald Kooyman, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí àkọ́kọ́ fún séálì Weddell ní McMurdo láàárín ọdún 1963 sí 1964. Aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú ní ilé ìdáná ló mú, èyí tó ń ka 60 ìṣẹ́jú, ó so ohun tó ń wọn agbára omi mọ́ ọn, ó sì jẹ́ kó máa fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sórí gíláàsì tí wọ́n fi èéfín kùn dúdú. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún máa ń gbé séálì lọ síbi tí kò sí ihò míì nítòsí, wọ́n á gbẹ́ ihò kan ṣoṣo síbẹ̀, ibi tó bá gbà wọlé ló máa gbà jáde, wọ́n á sì yọ ẹ̀rọ wọn lára ẹ̀. Láti ara aago ìdáná yẹn ni gbogbo fáìlì tẹ́ ẹ ń dáńlóòdù lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yà á, kẹ́ ẹ sì dorí ẹ̀ kodò

Ẹ fi àkókò sí ìsàlẹ̀ gráàfù, ẹ fi bó ṣe jìn tó sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wá yí ẹ̀gbẹ́ yẹn padà kí òdo wà lókè. Excel ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lábẹ́ ètò ẹ̀gbẹ́ gráàfù. Tẹ́ ẹ ò bá yí i, ìmòòkùn á máa dà bí òkè ńlá, ojú yín á máa rí i bíi pé ẹran ń gòkè nígbà tó jẹ́ pé ó ń rì. Wákàtí mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, ẹ má ya oṣù kan pọ̀, á kàn dà bí irun tó ta kókó ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún òdo ṣe

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Òtútù máa ń yí ẹ̀rọ lọ́kàn padà díẹ̀díẹ̀, ẹran á wà lórí yìnyín tó ń sùn, ẹ̀rọ á ní ó wà ní 3 mítà, tàbí ó wà ní -2, bí ẹni ń fò lófuurufú. Ẹ wá ibi tí ìlà ti dúró pẹrẹsẹ lókè pátápátá, ohun tó bá kà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ yọ kúrò lára gbogbo nọ́ńbà tó yí i ká. Ẹ tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan torí àṣìṣe yẹn máa ń rìn. Ẹni tó bá mọ R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ètò kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ diveMove, ọ̀fẹ́ ni, ó lè bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe ti ọjọ́ kan kójú yín mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ pinnu ohun tẹ́ ẹ máa kà sí ìmòòkùn. Èmi máa ń lo 5 mítà fún pẹngúìnì, 10 fún séálì Weddell, èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń ṣeré lẹ́nu ihò ni. Ẹ má kàn ju àwọn kékeré yẹn nù kẹ́ ẹ má wò wọ́n o. Láwọn ọdún 1990s wọ́n gbé kámẹ́rà sórí séálì Weddell ní McMurdo, wọ́n sì rí i tó lọ sábẹ́ yìnyín, tó fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú pàlàpálá yìnyín, àwọn ẹja kéékèèké tó sá pamọ́ síbẹ̀ á tú jáde, á gbé wọn mì. Ojú ọ̀run tirẹ̀ nìyẹn, òrùlé ilé ló ti ń dọdẹ. Nínú fáìlì, jágajàga kékeré lókè lásán ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mú ìmòòkùn kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ jókòó tì í

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí, èmi ni mo tò ó fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti séálì kan pàtó, ṣùgbọ́n bí ti Weddell tó ń wá ẹja ṣe máa ń rí nìyí, mítà tó wà ní ìparí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan:

0, 78, 165, 250, 318, 340, 322, 351, 330, 346, 325, 338, 290, 205, 115, 30, 0.

Ìṣẹ́jú 16 lápapọ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ti dé 318 mítà, ẹ fi 240 sẹ́kọ́ńdì pín in, ó ń sọ̀ ní 1.3 mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Láti ìṣẹ́jú kẹrin dé ìkọkànlá, kò lọ síbì kan mọ́, 318 lọ 351, ó ń lọ sókè ó ń lọ sísàlẹ̀, ìṣẹ́jú méje gbáko. Lẹ́yìn náà ó gbéra, 338 dé 30 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, 1.3 náà nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé sísọ̀ àti gígòkè nìkan la wọ̀n o, ẹran yẹn kì í lọ ní òró gangan, ó máa ń dagun ni, torí náà bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ gan-an yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrísí yìí ni wọ́n ń pè ní U, ìdí rẹ̀ gbòòrò. Jágajàga ìdí yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń lé ẹja, ní McMurdo ẹja silverfish ló máa ń jẹ jù, nígbà míì ó máa mú toothfish tó tóbi gan-an, á gbé e wá sẹ́nu ihò kó tó jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ V ni ìrísí ẹ̀, tó kàn sọ̀ tó sì padà láìdúró, ó lè jẹ́ pé ó lọ wò ó ni, kò bá nǹkan kan. Ti séálì elephant ní ọ̀kan tó yàtọ̀, á sọ̀, lẹ́yìn náà ìlà á wá máa yọ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí omi ń gbé, òótọ́ sì ni, kò lúwẹ̀ẹ́ mọ́, ó ń sinmi. Ẹ wọn bó ṣe ń rì tó níbẹ̀: èyí tó bá sanra, ọ̀rá ń gbé e sókè, kì í tètè rì, èyí tó rù ń rì kíákíá. Láti ara ìlà yẹn ni wọ́n ti ń mọ̀, láìfọwọ́ kàn án, bóyá séálì kan ń rí oúnjẹ jẹ nínú òkun. Èyí máa ń wú mi lórí gan-an.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi ara ẹran náà sínú nọ́ńbà yẹn

Nọ́ńbà lásán ò tó, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ní gbogbo 10 mítà, agbára tí omi fi ń tẹ̀ wọ́n ń fi bíi ìlọ́po kan afẹ́fẹ́ òkè lé e, tó bá fi máa dé 500 mítà ó ti tó ìlọ́po 51.

Séálì á mí síta kó tó wọlé, ẹ ò ṣe ẹ̀ wò, ìdàkejì ohun tí àwa máa ṣe. Kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń kó ọ́síjìn sí, inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ẹran ara ni. Bó ṣe ń sọ̀, omi á tẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ pa pọ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò ní ráyè wọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí àìsàn àwọn tó ń fi táǹkì mòòkùn ṣe é. Ẹran ara ẹ̀ kún fún myoglobin, èròjà tó ń di ọ́síjìn mú, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, spleen rẹ̀, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, sì máa ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pupa pamọ́, á fún un jáde nígbà tó bá ti wọ omi. Pẹngúìnì ní tiẹ̀, ó máa ń mí sínú ni, afẹ́fẹ́ yẹn wà lára ohun tó ń jẹ lọ́nà, òun ló sì ń gbé e sókè nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ẹ máa rí i tó dáwọ́ ìyẹ́ dúró tó kàn ń yọ̀ bọ̀. Emperor tún máa ń tú afẹ́fẹ́ tó há sínú ìyẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ó máa ń hó bí ọṣẹ, omi á fẹ́lẹ́ lára ẹ̀, ó sì lè ta jáde sórí yìnyín.

Ọkàn wọn náà máa ń rọra lù. Ti emperor tó bá pẹ́ lábẹ́ omi lè wá sísàlẹ̀ 10 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ á dín kù lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ọpọlọ àti ọkàn ló máa rí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi èyí dánra wò ní swimming pool. Kí èèyàn máa mí gúlegúle kó tó sé èémí, ó máa ń jẹ́ kéèyàn dákú sínú omi láìmọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti tán lára òun. Ara tiwa ò ní ohun tí séálì ní.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ to ìmòòkùn àti ìsinmi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

A ti débi tá à ń lọ. Ẹ ṣe òpó mẹ́ta nínú Excel: bó ṣe jìn tó, ìṣẹ́jú tó lò lábẹ́ omi lápapọ̀, ìṣẹ́jú tó lò lókè kó tó tún lọ. Ẹ ṣe é fún ogójì ìmòòkùn ó kéré tán, ẹ wá to gbogbo rẹ̀ láti orí èyí tó kúrú dé èyí tó pẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí. Fún Weddell, ìsinmi á kọ́kọ́ kúrú, ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún lọ, ó padà, ó tún lọ, bí ti àpẹẹrẹ wa oníṣẹ́jú 16 yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ìsinmi á bẹ̀rẹ̀ sí gùn, á sì máa gùn ju bí ìmòòkùn ṣe ń gùn lọ. Kooyman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn séálì wò lẹ́nu ihò yẹn, wọ́n gbé e jáde ní 1980: èyí tí kò pẹ́ jù, kò sí lactate (ohun tó máa ń kóra jọ nínú ara nígbà tí ọ́síjìn ò bá tó mọ́) tó lé nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, èyí tó kọjá 20 ìṣẹ́jú, lactate ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dúró kó fọ̀ ọ́ kúrò. Gbèsè ni. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sábà ṣe é, séálì tó ń lọ 15 ìṣẹ́jú léraléra, àkókò ọdẹ tó ní lápapọ̀ ju ti èyí tó lọ wákàtí kan tó wá sùn gbalaja.

Ti emperor, ìṣẹ́jú 5.6 ni lactate ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí lé. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí pé tó bá wà lójú òkun, ó máa ń kọjá 5.6 lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé ìsinmi ẹ̀ gùn, torí náà ẹ má fi ojú ìsinmi nìkan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibí ni lactate ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn kọ ibi tí ìsinmi ti fò sókè nínú fáìlì tiyín, ìyẹn ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá òpó yẹn, èyí tó pẹ́ jù lọ. Nínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2011, emperor kan lo 27.6 ìṣẹ́jú lábẹ́ omi. Nígbà tó jáde, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó lè dìde dúró, ó tún tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 míì kó tó gbẹ́sẹ̀, ó sì di wákàtí 8.4 kó tó tún wọ omi. Nínú fáìlì, gbogbo wákàtí yẹn kò ju ìlà pẹrẹsẹ kan lọ lórí òdo, bíi pé ẹ̀rọ bàjẹ́, bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ nínú tiyín, ẹ má gé e dànù.